Ilẹ̀ Tí Bàbá Ibùdó Mú

Bàbá àgbà mi kì í jókòó síbi tí wọ́n bá tẹ́ ẹní sí fún un. Ìbáà jẹ́ ibi ìsọmọlórúkọ, ìbáà jẹ́ ibi yìgì, tí wọ́n bá ti ní "Bàbá, ẹ jókòó síbí," yóò kọ́kọ́ dúró. Yóò wo ilẹ̀, yóò wo òkè, yóò fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ni yóò ká ẹní onílé, yóò lọ tẹ́ ẹ síbòmíràn. Ojú máa ń ti ìyá mi. Ó bá a sọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé ìwà yẹn ń tàbùkù àwọn tó pè é. Bàbá ní, "Àwọn ló ni ilé, èmi ni mo ni ìdí mi."

Orúkọ rẹ̀ ni Lámídì, ṣùgbọ́n ní Kambolé, ìlú wa ní Tógò, ìmáàmù nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá Ibùdó ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Iṣu àti àgbàdo ló ń gbìn bíi ti àwọn yòókù, kò sì lọ́rọ̀ jù wọ́n lọ. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé ó mọ ilẹ̀ tí èèyàn lè sùn sí. Ẹni tó fẹ́ pa àgọ́ sóko, Fúlàní tó ń da màlúù bọ̀ wá mu omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn tó fẹ́ lọ pẹja ní adágún kí wọ́n sì sùn níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé, obì nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì máa wá. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ju obì yẹn lọ.

Adágún tí mò ń wí wà lẹ́yìn ìlú. Wọ́n ti sé odò náà kí wọ́n tó bí mi, baráàjì ni àwọn àgbà ṣì ń pè é. Mo máa ń tẹ̀ lé bàbá àgbà lọ síbẹ̀ ní kékeré, mo sì rí bó ṣe ń ṣe é. Kì í wo omi rárá. Èyí ló ń ya àwọn tó bá mú un lọ lẹ́nu, pé bàbá tí wọ́n ní ó mọ etí omi dé ibẹ̀ tán, ó kẹ̀yìn sí omi. Ara igi ló ń wò, bóyá ẹrẹ̀ gbígbẹ wà lára èèpo, nítorí ibi tí ẹrẹ̀ bá dé ni omi dé lọ́dún tó kọjá. Ó ń wo koríko: èyí tó bá tutù yọ̀yọ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní irọ́ ló ń pa. Ó ń wá ògán, torí pé ikán kì í kọ́lé síbi tí omi yóò ti wá lé e jáde. Tó bá rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò jókòó sílẹ̀, yóò pa obì kan, kò sì ní í dìde títí obì náà yóò fi tán lẹ́nu rẹ̀. Mo bi í nígbà kan pé ṣé omi burú tó bẹ́ẹ̀ ni tó fi ń sá fún un. Ó ní, "Omi ò bá ẹnikẹ́ni jà, Sàlá. Ilé rẹ̀ ló ń bọ̀."

Ẹ má rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni mò ń ròyìn. Orí kunkun rẹ̀ le ju ti ewúrẹ́ lọ. Bó bá ti sọ pé ilẹ̀ kan kò dára, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí "ẹ jẹ́ ká fi ṣeré." Òun àti ọmọ rẹ̀ àgbà, Bàbá Ràímì, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló jìyà èyí jù. Bàbá Ràímì fẹ́ kọ́ ilé bíríkì sẹ́yìn agbo ilé wa, ó sì mú ibi kòtò tó rọ̀, tí ìpìlẹ̀ kò ní í ni èèyàn lára láti gbẹ́. Bàbá àgbà sọ fún un níṣojú àwọn bíríkìlà pé omi yóò wọlé tọ̀ ọ́. Bàbá Ràímì ní, "Bàbá, ilé bíríkì kì í ṣe àgọ́ Fúlàní." Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, omi dé abẹ́ ibùsùn.

Bàbá àgbà kò sọ pé "ṣé mo wí?" Ọkọ́ ló gbé. Ó gbẹ́ ojú àgbàrá láti ẹ̀gbẹ́ ilé ọmọ rẹ̀ lọ síbi tó tún relẹ̀ jù, lábẹ́ igi máńgòrò, kí omi lè máa bá ibẹ̀ lọ. Ọjọ́ bíi mélòó kan ló fi gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ti tẹ̀. Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, yóò tún padà lọ kó ewé àti iyanrìn kúrò nínú rẹ̀. Ìyàwó Bàbá Ràímì ń dúpẹ́, Bàbá Ràímì fúnra rẹ̀ kò dúpẹ́ rí. Ó sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà, ẹnu rẹ̀ korò bíi jogbo: "Ó sàn kó bú mi. Ọkọ́ yẹn ni mi ò lè fara dà."

Nígbà tí mo kó lọ sí Sokodé láti wá iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá àgbà wá wò mí. Mo ti gbá yàrá, mo ti ra aṣọ ibùsùn tuntun, ìyá onílé mi ní àdúgbò Komah ti se ìrẹsì. Bàbá kò wo ibùsùn. Ó gba àárín yàrá kọjá, ó jáde sẹ́yìnkùlé, ó lọ wo ibi tí omi ìwẹ̀ ń gbà. Nígbà tí ìrẹsì délẹ̀, ọkọ́ ló béèrè. Ìyá onílé, tó jẹ́ Tem, kò gbọ́ èdè wa, ó rò pé orí bàbá ti dàrú. Kó tó di pé oòrùn wọ̀, àwọn méjèèjì ti jọ kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà dànù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín láìgbọ́ ara wọn. Nígbà tí mo ṣàròyé pé kò tiẹ̀ yin yàrá mi, ó ní, "Yàrá tó dáa, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń mọ̀ ọ́n."

Àwọn ará Kambolé tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní, èyí tó kù yìí, tiyín ni. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ilé àlejò kékeré kan létí ọ̀nà ńlá N1 ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sokodé. Àwọn òyìnbó tó ń rìnrìn àjò máa ń wá gbé camping-car wọn sínú ọgbà wa. Ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn, ààrò àti ilé ìwẹ̀ nínú ni. Ilé onítáyà ni bàbá àgbà mi ń pè é. Lọ́dún kan, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tọkọtaya arúgbó kan dé láti ilẹ̀ Faransé. Wọ́n ń wá etí adágún tí wọ́n lè gbé ọkọ̀ sí fún ọ̀sẹ̀ kan. Nínú tẹlifóònù wọn ni wọ́n ti ń wá ibùdó, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò bíi tiwọn máa ń kọ ibi tó dára sí pẹ̀lú àwòrán. Wọn kò rí ọ̀kankan lágbègbè wa. Ni mo bá yọ tẹlifóònù mi, mo fi adágún Kambolé hàn wọ́n: iyanrìn funfun, omi tó tẹ́ rẹrẹ, òṣíbàtà lójú rẹ̀. Màdáàmù pariwo ayọ̀. Ọ̀gá mi gbọ́, ó sún mọ́ wa. Ó ní tí ibẹ̀ bá dùn mọ́ wọn, wọn yóò kọ ọ́ sínú tẹlifóònù kí àwọn míì lè máa wá, èmi ni yóò sì fi ṣe alábòójútó ibẹ̀. Èmi tí mò ń fọ aṣọ ibùsùn nígbà náà. Mo fẹ́ nǹkan yẹn ju oúnjẹ lọ.

Nígbà tí a dé Kambolé, bàbá àgbà bá wa lọ sí adágún. Ó wọ agbádá Jímọ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé òyìnbó náà nílò òun. Ó rìn, ó wo igi, ó wo koríko, ó sì mú wa gun òkè kékeré kan tó jẹ́ ilẹ̀ yangí, níbi tí igi òrí kan àti ògán méjì wà. Ó jókòó, ó pa obì rẹ̀. A dúró sínú oòrùn títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ó ní, "Ibí ni."

Láti ibẹ̀, tí èèyàn kò bá dìde dúró, kò lè rí omi. Ojú Màdáàmù yí padà. Ó bi mí ní Faransé pé kí ló dé tí àwọn kò lè sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn, ibi tí mo fi hàn wọ́n nínú àwòrán. Mo bi bàbá àgbà.

Ó ní, "Sọ fún wọn pé ibùsùn omi ni iyanrìn yẹn. Omi kàn jáde lọ ni. Ẹni tó bá sùn sórí ibùsùn onílé, kó máa retí onílé."

Mo kọjú sí wọn. Mo sọ ọ́ ní Faransé, ohùn mi kò sì gbọ̀n: "Bàbá ní kò séwu níbẹ̀. Ó ní ẹ lè lọ sórí iyanrìn."

Gbólóhùn méjì péré. Kò gùn tó ìkíni tí mò ń kí ọ̀gá mi láàárọ̀. Òyìnbó na ọwọ́ sí bàbá àgbà, ó ní "merci, merci." Bàbá rò pé ìkìlọ̀ òun ni wọ́n ń dúpẹ́ fún, ó di ọwọ́ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó yà sí ọ̀nà ilé. Mo dúró títí ó fi kọjá igbó, kí n tó ní kí wọ́n tan ọkọ̀.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n gbádùn. Màdáàmù ń gbé àga rẹ̀ sínú omi tó mọ ní ọrùn ẹsẹ̀, ó ń kàwé. Lọ́jọ́ kẹta, mo mú wọn lọ sí ọjà Tchamba lórí zémidjan, ọ̀kadà ilẹ̀ wa. Òjò kò kán ní Kambolé, kò kán ní Tchamba. Òkè odò ló rọ̀ sí. Nígbà tí a padà dé lọ́sàn-án, omi ti dé fèrèsé ilé onítáyà náà, àga Màdáàmù ń léfòó lọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo yíjú wo òkè yangí. Ògán méjèèjì dúró gbọnin, ilẹ̀ abẹ́ wọn gbẹ táútáú.

Wọ́n pe gbogbo wa sí iwájú ilé olórí ìlú. Àwọn jàǹdáámù, ọlọ́pàá ìjọba, ti dé, wọ́n ní ẹni tó júwe ibẹ̀ fún àwọn àlejò yóò bá àwọn lọ sí Tchamba láti lọ ṣàlàyé. Èmi ni wọ́n ní kí n máa túmọ̀. Òyìnbó sọ̀rọ̀, ó nawọ́ sí bàbá àgbà mi. Gbogbo èèyàn ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Ó ní bàbá ló sọ pé kí àwọn lọ síbẹ̀."

Bàbá àgbà wò mí. Kò wò mí pẹ́. Mo rí ibi tó ti yé e, bí ìgbà tí èèyàn bá mú ọwọ́ kúrò lára ìkòkò gbígbóná. Olórí ìlú ní, "Bàbá Ibùdó, ṣé lóòótọ́ ni?"

Ó ní, "Lóòótọ́ ni. Èmi ni mo mú ibẹ̀. Ojú mi ti ń ṣú."

Wọ́n gbé e sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ọkọ̀ jàǹdáámù, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú sáàárín orúnkún, ó sì bá wọn lọ. Wọ́n dá a padà nírọ̀lẹ́. Wọn kò fọwọ́ kàn án, wọn kò sì tì í mọ́lé. Ìlú ló ṣe é fún un. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo obì rẹ̀, kò sẹ́ni tó wá. Àwọn Fúlàní wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n kí i, wọ́n lọ wá ibùdó fúnra wọn. Obì ń gbẹ nínú àwo. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní ọdún yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí ká ẹní bó ṣe máa ń ṣe, ni ọkùnrin kan bá ní, "Bàbá, ẹ fi ẹní sílẹ̀ o, ilé tiwa ò ní táyà." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá tẹ́ ẹní náà padà, ó sì jókòó lé e. Láti ọjọ́ yẹn, ibi tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sí ló ń jókòó.

Èmi náà jókòó síbi tí wọ́n fi mí sí. Ọ̀gá mi ní mo ṣe dáadáa, pé mo dúró ti àwọn àlejò nínú wàhálà. Ó kó mi kúrò nídìí aṣọ fífọ̀. Èmi ni mò ń júwe ibùdó fún àwọn arìnrìn-àjò báyìí, orúkọ mi wà lára ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín lè pa yín.

Nígbà Ìléyá, mo lọ bá a nínú yàrá rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn…"

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ti àwọn òyìnbó."

Ó gbé orí sókè. "Ibi tó ò ń gbé ní Komah, ṣé omi kì í wọlé síbẹ̀?"

Mo ní kì í wọlé.

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Inú bí mi sí i lọ́jọ́ yẹn, inú ṣì ń bí mi sí i. Ta ló ní kó gbà mí? Ì bá ti bú mi, ì bá ti na ọ̀pá yẹn lé mi lórí níwájú gbogbo ìlú, ǹ bá ti sunkún tán, kó tán. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó mọ òwe yẹn, ó sì dákẹ́ nítorí mi. Èmi náà dákẹ́ nítorí ara mi, a kò sì lè pe dídákẹ́ méjèèjì ní ọ̀kan náà.

Ó kú nínú ọyẹ́, láàárọ̀, lẹ́yìn tó kí ìrun àsùbáà tán. Mo dé láti Sokodé kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́. Tipẹ́tipẹ́ ló ti fi ibi tí wọn yóò sin òun sí han gbogbo wa: òkè yangí mìíràn tó wà lókè agbo ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògán. Ó tiẹ̀ ti jókòó síbẹ̀, ó ti jẹ obì rẹ̀ tán níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ sàréè, ìmáàmù béèrè lágbàlá pé, "Ṣé Lámídì sọ ibi tó fẹ́?"

Bàbá Ràímì ní, "Ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n yangí ni, ta ni yóò gbẹ́ ẹ? Ẹ jẹ́ ká gbé e sábẹ́ máńgòrò lẹ́yìn ilé mi, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀." Ó sì fi kún un, bí ẹni ń ṣeré, "Àbí ẹni tó kó àlejò sínú omi, ilẹ̀ tó mú la ó tún tẹ̀ lé?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, níbi òkú. Ìmáàmù wo gbogbo wa yíká, bóyá ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi: irọ́ ni, ibi gbígbẹ ló mú fún wọn, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ti wá bá mi kẹ́dùn láti Sokodé, ó dúró tì mí, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká mi. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Nínú ọyẹ́, gbogbo ilẹ̀ ló gbẹ. Ojú àgbàrá tí bàbá àgbà gbẹ́ fún Bàbá Ràímì ti kún fún ewé, kò sẹ́ni tó rántí ibi tó já sí. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti bò ó.

Lẹ́yìn òjò kẹta ọdún náà, Bàbá Ràímì pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Sàlá, máa bọ̀." Kò sọ ìdí. Mo bá a lábẹ́ máńgòrò, ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi. Òkìtì sàréè ti rì. Omi pupa tó ti ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ wá ń ṣàn bọ̀ nínú ojú àgbàrá, tààrà, síbi tí a sin bàbá àgbà sí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni bàbá àgbà fi la ọ̀nà yẹn fún omi.

Níbẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: òkè yangí, igi òrí, obì, ohun tó ní kí n sọ, ohun tí mo sọ. Bàbá Ràímì tẹ́tí sí mi títí mo fi parí. 

Ó ní, "O wà lágbàlá lọ́jọ́ náà. O gbọ́ mi."

Mo ní, "Mo gbọ́ yín."

Ó gbé ọkọ́ sókè láti dí ojú àgbàrá. Ọkọ́ dúró lókè. Ó wo ilé rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ dúró sí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Tí mo bá dí i, inú ilé ló ń lọ." Ó rọra gbé ọkọ́ náà sílẹ̀. Ìmáàmù ti sọ fún un pé a kì í hú òkú.

Mo mú ọ̀pá bàbá àgbà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, mo gun òkè agbo ilé lọ síbi ògán tó ní kí wọ́n sin òun sí. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Mo gún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe máa ń ṣe, ọ̀pá kò wọlé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì tutù. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò ní obì. Láti òkè yẹn, mo ń wo omi tó yí bàbá àgbà ká lábẹ́ máńgòrò. Ó wà níbi tí wọ́n tẹ́ ẹní sí fún un.